Bí Mo Ṣe Sọ Àwọn Baba Mi Di Ará Dàhòmì

Ẹni tó bá fẹ́ wá àwọn baba rẹ̀ nínú ìwé ìsàmì, kó kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe to ìwé náà. Èmi ò béèrè. Akọ̀wé ìjọ Áńgílíkà kan ní ìgbèríko Abẹ́òkúta gbé ìwé ràgàjì kan kalẹ̀ níwájú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i síwá sẹ́yìn, mò ń wá ibi tí lẹ́tà Ṣ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí títí ó fi sú u.

"Sà, ọjọ́ ìsàmì la fi tò ó, kì í ṣe ábídí. Ọdún wo lẹ ń wá?"

Mo ní kó bá mi gbé ti 1830 wá. Mo ti kà á níbì kan pé ọdún yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, mo sì gbà pé bí wọ́n ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni àlùfáà ń da omi sí wọn lórí.

"Míṣọ́nnárì Townsend ò tíì dé nígbà yẹn, sà. 1843 ló kọ́kọ́ yọjú. Ìjọ tiwa ńbí gan-an, wọn ò tíì lá àlá rẹ̀."

Mo ní mo mọ̀. Irọ́ ni.

Ọ̀ràn orúkọ ló tún wá dá kún un. Bàbá mi ń kọ ọ́ ní Shodeinde. Àbúrò rẹ̀ ń kọ ọ́ ní Sodehinde. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Peckham ti gé e kù sí Sodende, ó ní àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ òun fẹ́ gé ahọ́n ara wọn jẹ. Èmi tí mo gba A nínú Yorùbá ní ìwé mẹ́wàá, Ṣódẹ̀hìndé ni mò ń kọ, pẹ̀lú àmì lókè àti nísàlẹ̀, mo sì ti pinnu pé tèmi nìkan ló tọ̀nà. Nítorí náà, gbogbo Sh tí mo bá rí nínú ìwé náà ni mo ń fò kọjá. Mo tilẹ̀ ń pòṣé sí wọn.

Òótọ́ ni pé àwọn àlùfáà CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tó rán Townsend wá, jókòó ní Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa, àmì sì wà lábẹ́ Ṣ nínú Bíbélì Yorùbá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìsàmì, ẹni tó bá sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, kí ni yóò fi Ṣ ṣe? Nígbà tí èyí yé mi, mo tún kó sínú ọ̀fìn mìíràn. Mo rántí pé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ti sọ "ẹ̀hìn" di "ẹ̀yìn", ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá Shodeyinde, bí ẹni pé olùkọ́ni ìjọ tó di kálàmù mú láyé Fikitóríà ti gbọ́ nípa ìpàdé tí wọn ò tíì bí àwọn tó máa ṣe é.

Ilẹ̀ ń ṣú. Mo fi fóònù ya àwọn ojú ìwé kan kí n lè lọ kà wọ́n nílé. Bí mo ṣe yà wọ́n, mo gé orí wọn kúrò pátápátá, ìyẹn ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìlà yìí wà fún orúkọ òbí, tọ̀hún wà fún ibùgbé, èyí wà fún iṣẹ́. Mo délé, mo tan iná, mo sì ṣàwárí ohun ńlá. Ó dà bíi pé ìdílé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dó. Dó lókè, Dó láàárín, Dó títí dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, Dó ní ojú ìwé kejì. Ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ jọ tiwa wà láàárín wọn, Dó sì lòun náà. Mo ronú, mo fi orí síbi tí orí ò gbé: Dó, Dàhòmì. Ibẹ̀ la ti wá!

Mo ya igi ìdílé sórí páálí, mo gbé e lọ síbi ìpàdé ẹbí. Bàbá Àgbà jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Dàhòmì kẹ̀? Àwọn tó wá bá wa jà ní 1851, tí wọn ò gbọ́n, tí wọ́n tún padà wá ní 1864? Àwọn yẹn lo wá kà mọ́ baba rẹ? Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Ọmọ àbúrò mi, tó ń ṣe ìṣirò owó ní báǹkì, ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Bùrọ̀dá, kì í ṣe orúkọ o. Bí àwọn òyìnbó àtijọ́ ṣe ń kọ 'bákan náà' nìyẹn, kí wọ́n má bàa tún ọ̀rọ̀ kan kọ. Ẹ wo òkè." Lókè pátápátá, níbi tí fóònù mi ṣẹ́ kù díẹ̀ fún wa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: Farmer. Àgbẹ̀. Gbogbo ará ìlú yẹn, àgbẹ̀ ni wọ́n, ọwọ́ akọ̀wé ti ro ó kó tó dé ìlà kejì.

Ó yẹ kí n jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn èyí. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo gbé ìgò ṣínáàpù àti obì, mo gba abúlé kan lọ lápá Ọdẹ́dá, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ Shodehinde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọkùnrin kan tí mo wá mọ̀ níkẹyìn pé mo fi ọdún ju. Wọ́n gún iyán fún mi. Ìyá arúgbó kan ki mí ní oríkì, omi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo délé ni Bàbá Àgbà bi mí pé oríkì ta ni wọ́n kì. Oríkì Òwu ni, bẹ́ẹ̀ ará Aké ni wá. Títí di òní, mo wà nínú àwùjọ WhatsApp wọn, wọn kì í sì í gbàgbé mi bí wọ́n bá ń pín owó ìsìnkú.

Bàbá Àgbà ló pa ẹjọ́ náà tì. "Ta ló tiẹ̀ sọ fún ẹ pé wọ́n ṣàmì fún bàbá wa? Ìyàwó mẹ́ta ló wà nílé rẹ̀."

Orí mi wú. CMS kì í ṣàmì fún olóbìnrin púpọ̀ nígbà náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà sì tún fi òǹtẹ̀ lù ú nínú ìpàdé wọn ní Lambeth ní 1888. Àmọ́ wọ́n gbà kí a ṣàmì fún ìyàwó irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, bí ọ̀ràn rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ò sì kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí ní Abẹ́òkúta: ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàmì fún níbẹ̀, ní 1848. Gbogbo bí mo ṣe ń wá ọkùnrin kiri, láàárín àwọn tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ omi ni mo ti ń wá a.

Mo padà sọ́dọ̀ akọ̀wé. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ìyá ni mò ń kà. Kò pẹ́ tí ìyá àgbà wa fi yọ, òun àti ọmọ méjì, orúkọ ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá àwọn ọmọ. Ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́, lójú ìwé kan náà: Shodeinde fún ọmọ àkọ́kọ́, Sodehinde fún èkejì.

Mo mú un délé pẹ̀lú ayọ̀. Bàbá mi ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àbúrò rẹ̀ náà ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, èmi ni wọ́n sì dá ẹ̀bi fún. Àwọn àna mi, tó jẹ́ pé Oshinowo, Osinowo àti Osinnowo wà nínú agbo ilé wọn, ti ránṣẹ́ sí ìyàwó mi pé bí mo bá béèrè ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, kó má fi hàn mí.