Wọn Ò Dárúkọ Bẹntiróòlù

Àwọn àgbà ní omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá ẹni. Àwọn tó pa òwe yìí mọ ìdí ìsun dáadáa. Wọ́n ti dúró lẹ́bàá àpáta nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́, òṣùká lọ́wọ́, tí omi ń sun díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tó dé kẹ́yìn náà sì bu tiẹ̀ kó tó relé. Sùúrù ni wọ́n ń wí. Lónìí, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni òwe náà ń gbé. Ọmọ tí kò ṣí ìwé kó tó lọ jókòó ìdánwò JAMB fi ń tu ara rẹ̀ nínú, ẹni tó ń du kọńtíráàtì sì ń fi ṣàdúrà. Wọ́n ti gbàgbé pé omi ni àgbà wí. Wọn ò dárúkọ bẹntiróòlù.

Ẹ bá mi fojú inú ya ọkùnrin kan, ká pè é ní Bọ̀dá Ìlú Ọba, ọmọ Igbaruku tó fẹ̀yìn tì ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó firíìjì tòkunbọ̀ wálé; òun gbé British Seagull dé, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi. Igbaruku kì í ṣe etí òkun, àmọ́ Bọ̀dá ti rò ó: adágún ìsédò Kampe wà nílẹ̀ Yàgbà níbí, ó tó ṣe fàájì lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá ṣèèṣì yà kí i pé, "Òkun o, Bọ̀dá," ó máa gbọ́ ìtàn kó tó jókòó: pé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lo irú rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti kógbá wọlé, pé táǹkì orí rẹ̀ yìí, idẹ gidi ni. Á fi èékánná kàn án kó dún.

Táǹkì idẹ náà ń jò. Idẹ kì í dógùn-ún bíi ti irin. Ojú òjé tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ló là, nítorí ẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bọ̀dá gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bó bá jí láàárọ̀, á da ohun tó wà nínú abọ́ padà sínú táǹkì, á ní omi tóun máa mu kò ní ṣàn kọjá òun. Ohun tí kò rò ni pé irú ẹ́ńjìnnì yìí, bẹntiróòlù àti ọ́ìlì ni wọ́n ń pò pọ̀ fún un, ti àtijọ́ mìíràn tó ìdá kan ọ́ìlì sí mẹ́wàá bẹntiróòlù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹntiróòlù ti bá afẹ́fẹ́ lọ, ọ́ìlì ló kù sílẹ̀. Òun ni Bọ̀dá ń dà padà. Lọ́jọ́ tó fa okùn rẹ̀ kó jí, èéfín gba gbogbo àgbàlá, púlọ́ọ̀gì sì rin gbindin fún ọ́ìlì.

Bẹntiróòlù tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ yẹn kúkú lówó lórí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti di 617 ní Àbújá kí oṣù Keje ọdún yẹn tó parí.

Wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin tó ń tún àwọn jẹ́níréètọ̀ kéékèèké ṣe. Ó kọ́kọ́ gé ọṣẹ ìfọṣọ, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó là. Ó dá wẹ́kú. Bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ, ọlọ́kadà tí táǹkì rẹ̀ ti jò lójú ọ̀nà oko mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi ló ń yọ́ ọ, orí omi sì ni Bọ̀dá ń gbé ẹ́ńjìnnì lọ.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká tú u, ká fi òjé dí i, tàbí kí n so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn. Ẹ ò lè máa fi abọ́ bọ́ ẹ́ńjìnnì."

Òjé dídí náà gba ọgbọ́n. Wọ́n á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú táǹkì ní àfọ̀túnfọ̀, wọ́n á rọ omi sí i títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan ojú tó là, irin tí wọ́n ti gbé kúrò nídìí iná ni wọ́n á sì fi yọ́ òjé sí i. Táǹkì òfìfo ló burú jù. Ooru epo tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù mọ́ wẹ́dà tó bá kánjú.

Ti Bọ̀dá ṣì kéré. Òwe kan náà ló ń bá ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sídìí táńkà tó dojú dé. Ní Majiya, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó lé ní 140 èèyàn tí iná jó pa níbi tí wọ́n ti ń bu epo. Ní Dikko, ní ìpínlẹ̀ Niger, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ó lé ní 80. Mi ò ní bú òkú. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbóòórùn epo. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ni mo ń bá wí, àwọn tí ìwé ìbánikẹ́dùn wọn máa ń ṣáájú ọkọ̀ panápaná dé.

Bọ̀dá kọ òjé. Ó ní òjé Igbaruku á ba idẹ Ìlú Ọba jẹ́. Ọmọkùnrin náà bá gbé kẹ́ẹ̀gì oníke àti rọ́bà fún un, ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń lò lórí odò Ọya. Bọ̀dá gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wo ìdí rẹ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n kọ Made in England sí.