Ọwọ́ Òsì Ni Bàbá Fi Gbàwé

Owó ló kó mi sídìí iṣẹ́ ọnà, kì í ṣe ẹ̀bùn. Mo kà á pé ní 2017, wọ́n ta iṣẹ́ Njideka Akunyili Crosby, ayàwòrán tí wọ́n bí sí Enugu, ní gbàǹjo ní London ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn. Obìnrin yìí a máa fi asẹ́tóònù, oògùn tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ṣí fọ́tò kúrò lára bébà kan sórí òmíràn, a wá fi ọ̀dà àti pẹ́ńsù kùn ún. Mo wò ó títí, mo ní kí ló wà níbẹ̀? Èmi náà ní fóònù, ọ̀dà sì wà ní Narayi, àdúgbò wa ní Kàdúná.

Oníbàárà mi àkọ́kọ́ ni màmá kan láti Ọ̀fà tí wọ́n ń gbé ládùúgbò wa. Ọkọ wọn tó ti dolóògbé ṣiṣẹ́ ní KTL, iléeṣẹ́ aṣọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná lọ́dún 1957. Nínú fọ́tò tí màmá mú wá, bàbá ń gba ìwé ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, orúkọ iléeṣẹ́ sì hàn gàdàgbà lára ògiri lẹ́yìn wọn. Wọ́n fún mi ní àjákù dàńṣíkí bàbá pé kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo gba owó àsansílẹ̀. Mo ná an.

Mo fi fóònù ya fọ́tò náà, mo tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ kékeré tó wà nílé mi, mo fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí pákó. Kò pẹ́ tó fi gbẹ. Ọyẹ́ Kàdúná ò gbà fún nǹkan tútù. Ó wá ku kí n fi omi rọra bó ẹ̀yìn bébà kúrò, kí àwòrán ṣẹ́kù. Mo bó o: bébà lọ, bàbá bá a lọ. Àṣé yíǹkì olómi ni ẹ̀rọ mi ń lò, omi ló sì ń fọ̀ ọ́. Tónà ẹ̀rọ lésà ló yẹ, torí ike lúbúlúbú ni, iná ló yọ́ ọ mọ́ bébà, omi ò rí i gbé ṣe.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù onífọ́tòkọ́pì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá yọ kedere. Mo lẹ dàńṣíkí, mo kun ọ̀dà, mo gbé e lọ tìlù tìfọn.

Màmá gbé e sún mọ́ ojú. "Ta nìyí?"

"Bàbá ni, mà."

"Bàbá wo? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni bààmú wọn wà, ta ló gbé e sí ọ̀tún? Kí ló dé tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì gbàwé lọ́wọ́ ọ̀gá wọn?" Wọ́n nàka sí ògiri inú àwòrán. "Kí sì ni LTK?"

Ohun tí a bá dojú rẹ̀ bolẹ̀, òdì ló máa yọ. Bàbá tí kò fọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀ rí, èmi ni mo sọ ọ́ di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ikú.

Mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo yí fọ́tò náà sódì kí òdì méjì lè pa ara wọn, mo sì fi ránṣẹ́ sí onífọ́tòkọ́pì. Mo gbà á, mo lẹ̀ ẹ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àṣé aláàánú èèyàn lọmọ náà: ó rí i pé lẹ́tà ara ògiri ò ṣe é kà, ó sì ti bá mi tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Nígbà tí mo gbé LTK kejì dé iwájú màmá, tí mo dọ̀bálẹ̀ pé n ó tún un tẹ̀, wọ́n fọwọ́ dá mi dúró.

"Ọmọ mi, fi Bàbá sílẹ̀. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì."