Ìwé Ìwádìí lórí Iṣẹ́ Kejì, pẹ̀lú Ẹ̀rí láti Cow Lane

Ìbéèrè tó wà níwájú àwa onímọ̀ nìyí: bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ fi iṣẹ́ mìíràn kún èyí tó ń ṣe, ṣé dandan ni kó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀? Inú ìwé àdéhùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá ìdáhùn. Cow Lane ló yẹ kí wọ́n wá a lọ, òpópónà ọjà láàárín gbùngbùn Accra tí kò jìnnà sí ọjà Mákólá. Níbẹ̀, bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, a ó rí iṣẹ́ kejì lójúkorojú, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì lọ́rùn, lẹ́yìn tábìlì wáyà fóònù.

Kí á kọ́kọ́ yẹ ìdájọ́ àwọn àgbà wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òwe ti dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìkíní ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìkejì ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Àwọn tí kò kàwé jinlẹ̀ rò pé ìdájọ́ méjèèjì takora. Wọn ò takora. Ọjà ni ìkíní ń sọ, oko ọdẹ ni ìkejì ń sọ, kò sì sí èyí tó dárúkọ ọ́fíìsì nínú méjèèjì.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 dárúkọ rẹ̀ ní tirẹ̀. Nínú Àfikún Karùn-ún, ó ka òwò àti iṣẹ́ àdáni léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó gba iṣẹ́ ọjọ́ kíkún, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ò sí lára èèwọ̀ náà. Nítorí náà, dáyírẹ́kítọ̀ tó ń sin màlúù ò rú òfin. Bó bá wá mú màlúù kan níbẹ̀, tó dúńbú rẹ̀, tó kun ún, tó tẹ́ ẹ sórí pákó, ìgbà wo ni iṣẹ́ àgbẹ̀ parí tí òwò bẹ̀rẹ̀? Ṣé ìgbà tí màlúù dákẹ́ ni, àbí ìgbà tí oníbàárà ní kí wọ́n dín in kù? Ti oníbàárà ni mo fara mọ́. Ìnájà ni àmì òwò tó dájú jù lọ.

Ìtàn pàápàá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ màlúù. Nítòsí Cow Lane ni Zongo àtijọ́ Accra wà, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, níbi tí Alhaji Braimah, ọmọ Ìlọrin, ti di ẹni ńlá ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó ń ta màlúù, ó ń ta obì, ó tún jẹ olórí àwọn Mùsùlùmí ìlú náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á bẹ́ẹ̀. Títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí, n kò tíì rí lẹ́tà kankan tí oyè fi yọ̀ǹda fún màlúù.

Òde òní ni nǹkan yí padà. Òfin Gánà ti 1992, ní abala 78, ní mínísítà ò gbọ́dọ̀ di ipò mìíràn tó ń mówó wọlé mú, àfi bí Olórí Ilé Aṣòfin bá gbà á láyè lórí àbá ìgbìmọ̀ kan. Abala 98 fi irú okùn bẹ́ẹ̀ so àwọn aṣòfin. Àwọn aṣòfin kan náà ló sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ ọ̀hún, lé iṣẹ́ tí wọ́n dìbò yàn wọ́n sí lórí. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Ti mẹ̀kúnnù ńkọ́? Ìṣirò ni a ó fi yanjú rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ Gánà ti 2003 ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe ju wákàtí 8 lójúmọ́ tàbí 40 lọ́sẹ̀. Ó tún ní kó sinmi wákàtí 12 gbáko kí iṣẹ́ ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan jẹ́ wákàtí 24. Yọ 8, yọ 12, ó ku 4 tí kò ní baba. Tro-tro, ọkọ̀ akérò ìlú náà, á jẹ nínú rẹ̀, Cow Lane á jẹ ìyókù. Ọ̀gá tó bá fẹ́ jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, kó kọ́kọ́ fi ìwé rírà rẹ̀ hàn. Mo yọ awakọ̀ sílẹ̀, nítorí oorun rẹ̀ kan èrò ọkọ̀, mo sì yọ ẹni tó ń bá abánidíje ọ̀gá rẹ̀ tajà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí mo dé yìí: láti December 2022, ọ̀gá tí owó tó ń san lọ́sẹ̀ kò bá ju gbèdéke kan lọ (£123 ni nígbà náà) ò lè fi ìwé àdéhùn dí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ mìíràn. Bí owó bá kéré, àṣẹ náà á kéré.

Ìṣòro kan péré ló kù: èwo gan-an ni iṣẹ́ kejì? Akọ̀wé kan wà ní Cow Lane tó máa ń bá ìyá rẹ̀ dúró sí ìsọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ lẹ́tà tọrọ àyè. Ṣùgbọ́n kékeré ló ti ń to ọjà sórí tábìlì yẹn, ó sì ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ọ́fíìsì tó dé. Bí a bá ka iṣẹ́ bí a ti ń ka ìyàwó, ìsọ̀ ni ìyáálé, ọ́fíìsì ni ìyàwó. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló yẹ kí ọ́fíìsì ti tọrọ àyè.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá màmá, ẹni tí ìyá tirẹ̀ ti kẹ́rù padà sí Èjìgbò ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti fi kúrò. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ṣeré nínú ẹbí náà.

“Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ṣé ẹ fún un láyè kó máa lọ sí ọ́fíìsì?”

“Èló ni wọ́n ń san fún un?”

Ọmọ dá a lóhùn fúnra rẹ̀.

“Wọn ò sì tíì wá kí mi?”

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ó ní kò gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì wá sí ìsọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ yọjú sí ọ́fíìsì rárá nínú oṣù December, títí ọjà ọdún á fi tán.