Oríkì Ìyálé Mi Ẹlẹ́sẹ̀ Rọ́bà

Ẹ fún mi láyè, mo fẹ́ kí ìyálé mi. Ìyàwó tó mọ ilé ọkọ, gbogbo ẹni tó bá bá nílé ni í kí, kí ẹnikẹ́ni má baà ní wọn ò ka òun sí. Mo bá ọ nílé ni, Jeep Cherokee ọdún 1998. Ọkọ wa ti mú ọ wọlé kó tó mọ̀ mí. Ìwọ náà lo wá gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú Calgary lọ́jọ́ tí mo dé, tí òórùn epo ẹ́ńjìnnì sì gba gbogbo lọ́fínńdà ara mi. Ìwọ ni àgbà. Mo kúnlẹ̀.

Cherokee, ọmọ Toledo ní Ohio,
Onígun mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ Chinook ń wá kiri.
Sílíńdà mẹ́fà tò tẹ̀lé ara wọn, gbogbo wọn ló ń mu.
Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bí irú yín ní 1983,
Wọ́n ṣíwọ́ ọmọ bíbí ní Amẹ́ríkà ní 2001,
Ìwọ nìkan ni wọn ò tíì ròyìn fún.

Ọkọ wa wò ọ́ títí, ó ní o kúrú. Èmi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí pé kó bá mi gbé kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná sókè díẹ̀ kí n yé forí gbá a, kò rí tèmi rò. Íǹṣì mẹ́ta ló ní ó yẹ kí a fi kún ọ. Páálí dé sẹ́nu ọ̀nà: sípíríǹgì gíga méjì fún iwájú, ewé irin tí wọn yóò fi kún sípíríǹgì pẹlẹbẹ tẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀kì gígùn mẹ́rin. Mo bi í léèrè iye tó jẹ́, ó ní kí n má fi owó wọn ìfẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tú ṣọ́ọ̀kì rẹ tẹ̀yìn ni mo tó mọ̀ pé o lórúkọ láàárín àwọn irin. Inú ara rẹ lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n jó nọ́ọ̀tì wọn mọ́, níbi tí ọwọ́ ò lè dé, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù sì ti jẹ bóòtù wọn láti ọdún gbọọrọ. Gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kan irú rẹ ló mọ bó ṣe ń lọ: sípánà á yí lẹ́ẹ̀kan, orí bóòtù á já bọ́, ọrùn rẹ̀ á kù sínú. Wọ́n fi òróró rin ín mọ́jú. Wọ́n fi iná jó o. Wọ́n fi òòlù bẹ̀ ẹ́. Ọkọ wa pe Jésù, ó pe Ògún, lẹ́yìn náà ó pe àwọn orúkọ kan tí n kò lè kọ síbí nítorí àwọn ọmọ.

Ajá-lórí-má-jàá-lọ́rùn!
Ògún ló ni irin gbogbo ayé,
Iyọ̀ ojú títì ló ni tìrẹ.
Ajá ni Ògún ń jẹ,
Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí à bá fi lọ Èkó ni ìwọ ń jẹ.
O jẹ ẹ́ tán, o ò gbin.

O ga. N kò ní parọ́ mọ́ ìyálé mi, o ga. Àmọ́ ìgbà tí o ga tán ni ìwà jáde. Irin ìdábùú tó ń di ẹsẹ̀ rẹ iwájú mú kò tó mọ́, ló bá fa ẹsẹ̀ méjèèjì sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, o wá ń rìn bí ẹni tó ń yẹ gbèsè. Irin tó ń yí láti gíábọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn dagun jù, ó ń kùn láti ilé dé ojú ọ̀nà. Ẹ gbọ́ oògùn tí wọ́n bá a ṣe o: wọ́n ní kí a rẹ gíábọ́ọ̀sì náà wálẹ̀ ní íǹṣì kan! Ikùn tí a sanwó gbé sókè, a tún sanwó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nínú mẹ́ta tí a rà, a dá ọ̀kan padà, ẹnikẹ́ni ò sì dá owó padà fún wa.

Ibẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ pé sípíríǹgì gíga kì í gbé ákúsù kúrò nílẹ̀ rárá. Ara nìkan ló ń gbé. Ibi tí òkúta yóò ti gbá ọ lábẹ́ kò kúrò níbi tó wà, àfi tí taya bá tóbi sí i. Taya tó ga ní íǹṣì 31 sì dé. Taya ńlá yìí ló ra ìwọ̀n ìsáré rẹ níyè: bó bá ń sọ fún wa pé 100 là ń sá, a ti ń súnmọ́ 110. Ọkọ wa ní kí n fọkàn balẹ̀, òun máa ń ṣírò rẹ̀ lórí.

Asáré-ju-ẹnu-ẹ̀-lọ!
Agàgà-ròdò-rodo tí ń bẹ̀rù ihò kékeré!
Lójú ọ̀nà 2 lo ti kan ihò tí kò tó àwo ọbẹ̀,
Sítíárìn gba ijó lọ́wọ́ ọkọ wa,
Iwájú ń gbọ̀n, ẹ̀yìn ń gbọ̀n, eyín mi ń gbọ̀n,
Mo ka Sáàmù 91 dé ìdajì kí o tó dúró.

Ní ìwọ̀-oòrùn ìlú wa yìí, lẹ́bàá ọ̀nà 7, òkúta ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Big Rock. Wọ́n ní ó tó 16,500 tọ́ọ̀nù. Agbègbè òkè Jasper ni yìnyín ayé àtijọ́ ti gbé e wá, ó sì ti lé ní ọdún 10,000. Àwọn Blackfoot, tí ilẹ̀ yìí jẹ́ tiwọn, ní ìtàn tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Napi, ọkùnrin inú ìtàn náà, fi aṣọ ìbora rẹ̀ ta òkúta lọ́rẹ. Nígbà tí ojú ọjọ́ yí padà, ó gbà á padà. Òkúta bínú, ó ń yí lé e kiri pápá, kò sí ẹranko tó lè dá a dúró, àfi àdán tó forí sọ ọ́ tó fi là sí méjì. Ìyálé mi, òkúta tí kò ní sípíríǹgì nìyẹn o! Ó ti rin ìgbẹ́. Ìwọ ńkọ́?

McLean Creek, lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Bragg Creek, ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún irú yín, ẹrẹ̀ ibẹ̀ sì pọ̀ tó. Ọkọ wa ti san $90 fún ìwé àṣẹ Kananaskis tí Alberta dá sílẹ̀ ní 2021. Nọ́ńbà rẹ ti wà nínú ìwé wọn. Nọ́ńbà nìkan ló lọ. Òkè kan ṣoṣo tí o tíì gùn ni yìnyín tí katakata wọ́ jọ sí igun ibi tí a ń gbọ́kọ̀ sí ní Costco, ọkọ wa sì ya fọ́tò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kó lè dà bí òkè ńlá. Ká ní Lẹ́kí lo wà nígbà òjò ni, ǹ bá fi ọ́ yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Ìyá ọkọ wa ti dé láti Ìbàdàn báyìí. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n jáde pẹ̀lú ìró àti bùbá léèsì, gèlè dúró gan-an, wọ́n dé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ, wọ́n gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ̀ akẹ́rù lẹ ó fi gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Ọkọ wa sáré lọ gbé àpótí ìdáná tí mo fi ń jókòó. Ìyá ní àwọn ò gun àpótí níbi tí aládùúgbò wà.

Gbogbo ìyàwó ilé ló ń kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ, ìyálé mi. Ìwọ nìkan lo dìde fún wọn. Corolla aládùúgbò ni wọ́n bá lọ, ọkọ wa sì ti wà lórí fóònù láti àárọ̀, ó ń wo íǹṣì mẹ́rin ààbọ̀.