O Kú Iṣẹ́ Ìyá Oníyàá

Aago mẹ́ta òru ni fóònù mi dún. Ọ̀rẹ́ mi ni, láti Leeds ní Ìlú Ọba, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó fẹ́ jí adìyẹ gbé. Mo ní, "Ṣé kò sí o?" Ó ní, "Rọra sọ̀rọ̀ jàre, Màmá ń sùn." Màmá wo? Ìyá tó bí i wà ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn níbí, ojúlé kẹta sí tèmi, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sì kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí oorun tó dá lójú mi, kó tó yé mi. Màmá òyìnbó ló ń wí, ẹni ọdún 91, tí ọ̀rẹ́ mi ń ṣọ́ láti aago mẹ́jọ alẹ́ di mẹ́jọ àárọ̀, tí wọ́n ń sanwó fún un lé e lórí.

Ó ní mo lè fi òun ṣẹ̀fẹ̀ bó bá ṣe wù mí, kí n ṣáà má dárúkọ òun, torí àwọn àna òun mọ̀wé kà.

N ò dárúkọ. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n kò ní ṣàì mọ̀ ọ́n. Báńkì kan ní Dùgbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, táì ọrùn rẹ̀ gùn ju ìsinmi ọdún rẹ̀ lọ. Bó bá jẹun tán, á ti abọ́ síwájú bí adájọ́ ṣe ń sún ẹjọ́ síwájú, ẹni tó máa palẹ̀ ẹ̀ mọ́, ìyẹn kò kàn án. Wọ́n á bá a pọn omi ìwẹ̀, wọ́n á bá a wá kànìnkànìn, ìgbà míì wọ́n á tún bá a wá ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí, ó ní òórùn ìtẹ́dìí ọmọ máa ń fọ́ òun lórí. Gbogbo wa kẹ́dùn orí rẹ̀.

Orí yẹn kan náà ti gbádùn báyìí o. Ọkùnrin yìí lè pààrọ̀ ìtẹ́dìí àgbàlagbà nínú òkùnkùn, kí onítọ̀hún má sì jí. Ó mọ èyí tó ń gba omi ju èyí lọ, ó mọ ìpara tó bá awọ arúgbó mu, bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ẹ ó rò pé bébà fún ìjókòó àwọn alákòóso báńkì ló ń kà. Mo bi í pé orí fífọ́ ńkọ́? Ó ní nílẹ̀ ibẹ̀, ẹni tí orí bá ń fọ́ kì í gba owó wákàtí.

Báwo ló tiẹ̀ ṣe débẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e lọ. Ní 2022, obìnrin náà gba ààyè ní yunifásítì láti kàwé másítà, wọ́n sì fún ọkọ ní fíìsà lẹ́yìn tirẹ̀. Orúkọ tí òfin wọn sì ń pe irú ọkọ bẹ́ẹ̀, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, kò ju agbáralé lọ. Agbáralé ìyàwó! Ẹni tó jẹ́ pé níbi ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí àlùfáà ní ọkọ ni orí aya, òun ló ṣe Àmín tó mi páálí àjà. Olórí ká ara rẹ̀ bọ inú àpò ìyàwó, ó di Ìlú Ọba.

Ká sọ tòótọ́, orí ṣe é lóore tó tètè lọ. Láti oṣù kìíní 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà, àfi àwọn tí tiwọn jẹ́ ti ìwádìí, kò láṣẹ láti kó ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ìyàwó tó bá ń lọ kàwé níbẹ̀ lónìí, fọ́tò ọkọ nìkan ló lè gbé sínú àpò.

Ọ̀nà míì tún wà nígbà yẹn: ní oṣù kejì 2022 ni ìjọba wọn ti ṣí ilẹ̀kùn fíìsà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó láti òkèèrè. Àwọn èèyàn wa rọ́ wọlé. Tíṣà, akáúńtáǹtì, oníròyìn (ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ṣì wà nílé), kódà àwọn tí wọn kò lè bá bàbá tiwọn gé èékánná. Nígbà tí irú iṣẹ́ yìí wá kan ọ̀rẹ́ mi, ó sọ fún àwọn ará ilé pé òun wà ní "ẹ̀ka ìlera". Ìyá rẹ̀ gbé ìyẹn dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó di dókítà lójú ọ̀nà. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìyá ìjọ mẹ́rin ti fi iye ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó sì ń dá wọn lóhùn! "Ẹ dín iyọ̀ kù, mà." Irọ́ kò sí níbẹ̀ ṣá, iyọ̀ kò dáa.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ òde ṣíṣe. Ìwọ ni o máa ń jẹ òkú kan, ìgbéyàwó méjì àti ìsọmọlórúkọ kan mọ́ Sátidé kan ṣoṣo, tí o ṣì máa ń ní wọn kò fún ọ ní ẹran gidi. Bí o bá fẹ́ ra búrẹ́dì níwájú ilé, ìkíni nìkan á gbà ọ́ ní ààbọ̀ wákàtí, torí o gbọ́dọ̀ béèrè ọmọ, béèrè aya, béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá elépo. Ní Leeds, ìwọ àti aládùúgbò rẹ jọ pín ògiri fún ọdún mẹ́ta, orúkọ ológbò rẹ̀ lo mọ̀, o kò mọ tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kan ilẹ̀kùn yín rí. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ fi irú sí ọbẹ̀ ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá gáàsì ń jò.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí níbẹ̀, láti oṣù méjì sẹ́yìn ni yóò ti máa bẹ̀ ọ́, kí o lè bá ẹlòmíì pààrọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin náà ra aṣọ ẹbí, ẹ wé gèlè, ẹ wá fi ẹ̀wù òtútù bo gbogbo rẹ̀, ẹ jọ dà bí àpò ẹ̀wà lójú títì. Láago mọ́kànlá, onígbọ̀ngàn tan iná funfun lé yín lórí, ó ní kí ẹ kó àga yín jọ. Aago mọ́kànlá! Nílé níbí, aago mọ́kànlá ni olórin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ẹni tó lóde.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú ìyá òyìnbó, àná ló bẹ̀rẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1950, àwọn baba wa tó lọ kọ́ òfin àti àwọn ìyá wa tó lọ kọ́ nọ́ọ̀sì ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Nursery World, wọ́n ń wá òyìnbó tó máa bá wọn gba ọmọ tọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló fi ọ̀nà yìí dàgbà lọ́dọ̀ ìyá òyìnbó ní Kent, ní Sussex àti káàkiri, àwọn òbí ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń yọjú nígbà tí iṣẹ́ àti ìwé bá fún wọn láyè. "Farming" ni wọ́n ń pe àṣà náà, bí ẹni pé ebè ni wọ́n kọ sílẹ̀. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí ìyá òyìnbó tọ́ ní Tilbury, fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù, orúkọ yẹn náà ló sọ ọ́. Ìrora wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ibi gbogbo ni ọmọ ti bọ́ sọ́wọ́ ire.

Mo wá bá ọ̀rẹ́ mi ṣe ìṣirò lórí fóònù lóru yẹn. Ẹni tó bá jẹ́ ẹni ọdún 91 ní 2025, ẹni ọdún 31 ni ní 1965, ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń gba ọmọ ọlọ́mọ wẹ̀ gan-an. Mo ní, "Ta ló mọ̀, bóyá Màmá tó ń sùn yẹn ti wẹ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ rí. Gbèsè ìwẹ̀ lò ń san." Ó dákẹ́ títí. Ó ní, "Ṣé èlé ẹ̀ ló wá tó báyìí?"

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ìwọ àbúrò tó jẹ́ pé nọ́ńbà akáúńtì ni ẹ káàárọ̀ rẹ. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti ní kí náírà lọ lúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀, iye tí wọ́n ń ta pọ́ùn lẹ fi ń jí. Ẹ ti ṣírò rẹ̀: ní oṣù kẹrin 2025, owó wákàtí kan tó kéré jù fún àgbàlagbà níbẹ̀ di pọ́ùn 12.21. Lọ́dún yẹn kan náà, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù ní Ọ̀yọ́ tiwa jẹ́ náírà 80,000. Wákàtí mẹ́rin ọ̀rẹ́ mi, ó ti ju oṣù kan yín lọ. Ìdajì ìṣirò nìyẹn. Ẹ kò ṣírò pé pọ́ùn náà ni wọ́n ń ta búrẹ́dì rẹ̀, pé ó ń san owó tẹlifíṣọ̀n tí kò ráyè wò àti owó kánsù lórí ilé tí kì í sùn sí lálẹ́.

Èmi náà kò sàn. Adágún Ẹlẹ́yẹlé ti wà níbí láti ayé ogun Hitler, mo ń rí omi rẹ̀ láti ojú fèrèsé, inú kẹ́ẹ̀gì sì ni mo ti ń ra omi. Bí ọ̀rẹ́ mi bá ní omi gbígbóná ń jáde lára ògiri ilé òun, mo máa ń ní ìyẹn kò kàn mí, ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Mo kàn máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ládùúgbò wa níbí gbọ́n jù mí lọ. Kí aboyún Ìbàdàn tó mọ orúkọ wọn, Birmingham ti mọ̀ ọ́n. Ní 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nílé kí àwọn tó jẹ́rìí sí ìwé wọn fún òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn. A dà bí ẹni tó ń bẹ àlejò pé kó jọ̀ọ́ jẹun kó tó lọ, oúnjẹ ò sì sí lórí iná.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi kò lè dá dìde mọ́. Ọmọbìnrin kan láti Ìṣẹ́yìn ló ń tọ́jú wọn, Leeds ló sì ń san owó oṣù rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọ̀rẹ́ mi ń tọ́jú ìyá oníyàá, kó lè rí owó san fún ọmọ ọlọ́mọ tó ń tọ́jú ìyá tirẹ̀. Láti orí fóònù ló ti ń kọ́ ọmọ náà níṣẹ́: máa yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì kí ìdí wọn má baà dégbò, má fà wọ́n lápá, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ orúnkún. Màmá ní àwọn kì í ṣe àpò símẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n kò sí egbò kankan lára wọn.

Sátidé tó kọjá, mo wà níbẹ̀ nígbà tó pe ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, a gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀, ohùn arúgbó, lédè òyìnbó. Màmá ní, "Ta nìyẹn?" Ọ̀rẹ́ mi kánjú, ó ní, "Ọ̀gá mi ni, mà." Màmá bá gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, wọ́n fi gbogbo agbára tó kù kígbe sínú fóònù: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà! Ẹ bá n tọ́jú ọmọ mi o!"

N ò mọ ibi tí mo fẹ́ wò. Mo jáde sí kọ́rídọ̀. Ọmọbìnrin Ìṣẹ́yìn tẹ̀lé mi, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Bọ̀dá, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yẹn, ṣé irú èyí tí mò ń ṣe yìí náà ni?" Mo ní òun náà ni. Ó ní, "Ṣé wọ́n ṣì ń gbà?" Mo ní wọ́n ti ilẹ̀kùn fún àwọn tó wà lókèèrè ní ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, tì-tì-tì, pé "jápa" pàápàá ti wọ ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, ọ̀rọ̀ náà rí fíìsà, àwọn tó ń sọ ọ́ kò rí i.

Ó wò mí, ó tún ìró rẹ̀ so.

"Ẹ̀yìnkùlé ńkọ́, bọ̀dá?"