Balógun Ikùn

Kò sí àdúgbò tí kò ní Balógun Ikùn tirẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní mọ́tò, ikùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kì í ṣe ọ̀lẹ o; ẹni tó bá pè é lọ́lẹ kò mọ̀ ọ́n rárá. Tí oṣù kìíní ọdún bá ti wọlé, òun ló máa kọ́kọ́ sanwó jíìmù, owó ọdún kan gbáko, torí ẹni tó ń lọ sógun kì í ra ọta ìbọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Á ra bàtà, á ra aago tó ń ka ìṣísẹ̀, á ra àmùrè rọ́bà tí wọ́n ní ó ń yọ́ ọ̀rá, á tún wá ra tíì kan tó jẹ́ pé ọmọbìnrin tí kò sanra rí láyé rẹ̀ ni wọ́n ya sára páálí rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó rí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú títì, wọ́n ń sáré, wọ́n ń kọrin, mọ́tò ń yà fún wọn. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti wà lábẹ́ kánópì níbi ìnáwó, àwo kejì ti dé iwájú rẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún ẹni tó jókòó tì í pé olóríkunkun ni ikùn òun yìí.

Àìtiraka kọ́ ló ń dààmú Balógun, èrò rẹ̀ ló wọ́. Lójú tirẹ̀, ìlú ọ̀tọ̀ ni ikùn, ìlú tó ṣọ̀tẹ̀ sí ara yòókù, tí èèyàn lè dó tì títí tí yóò fi túúbá. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe sítọ́ọ̀pù (sit-up) bí ẹni tí wọ́n fi ṣépè fún. Bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ tí wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Lọ́dún 1971, àwọn oníṣègùn kan ní California wọn apá àwọn tó ń gbá tẹ́nìsì. Apá tí wọ́n fi ń gbá a ti tóbi ju ìkejì lọ nítorí iṣan, àmọ́ ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ kò kéré sí ti apá tó kàn ń bá wọn ṣeré kiri pápá. Lọ́dún 1984, àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà kan náà ní kí ọkùnrin 13 ṣe sítọ́ọ̀pù fún ọjọ́ 27. Nígbà tí wọ́n parí, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ṣe 5,004. (Balógun kò tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i.) Wọ́n wá bu díẹ̀ nínú ọ̀rá ikùn wọn, ti ẹ̀yìn wọn àti ti ìdí wọn, wọ́n wọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ikùn kò sún kì ju ti ìdí lọ, ìdí tí kò sì mọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ náà. Iṣan kì í jẹ ọ̀rá tó bò ó. Nígbà tí ara bá ń wá agbára, họ́mónù ló ń ránṣẹ́ sí ọ̀rá jákèjádò ara, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé èyí tó bá yọ́ lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Ẹni tó ń fa omi kànga kò lè ní apá ọ̀tún kànga nìkan ni kó gbẹ.

Ti tíì àti àmùrè kò gba àlàyé púpọ̀. Òógùn ni àmùrè ń mú jáde, ife omi méjì á sì dá a padà. Ewé sẹ́nà ló wà nínú ọ̀pọ̀ tíì yẹn, ewé tó ń múni yàgbẹ́. Ohun tó ń jáde lára Balógun láàárọ̀ kì í ṣe ọ̀rá, àlejò tí yóò lọ náà ni. Èyí tó burú jù ni àwọn tí wọ́n ń yọ́ oògùn gidi sí lábẹ́lẹ̀. Wọ́n kó sibutramine, oògùn ìsọnirù kan, kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ́dún 2010 nítorí ewu rẹ̀ fún ọkàn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń bá a nínú àwọn nǹkan ìsọnirù tí wọ́n kọ "ewé nìkan" sí lára.

Balógun á ní kò burú, bí sítọ́ọ̀pù kò bá ṣe é, eré sísá á ṣe é. Àwọn baba wa ń rìn lọ sóko, wọn ò níkùn, àbí? Ibí yìí ni àwọn obìnrin Igbó-Ọrà ti lè bá a sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ kan fi àwọn obìnrin agbègbè Igbó-Ọrà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood, lẹ́bàá Chicago, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2008 àti 2009. Àwọn ti Igbó-Ọrà tẹ́ẹ́rẹ́ jù wọ́n lọ dáadáa. Gbogbo ayé ti rò pé iṣẹ́ ara ló fà á. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wọn agbára tí oníkálukú ń ná lórí iṣẹ́ òòjọ́, tí wọ́n ro ti ìtóbi ara mọ́ ọn, wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn, agbára tí èèyàn ń ná kò sì sọ ẹni tí yóò sanra sí i lẹ́yìn náà. Ohun tó ń wọ ẹnu ni ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ìgò bíà ńlá kan tó 250 kálórì, ìrìn kíákíá tó ń lọ sí wákàtí kan ni ọkùnrin tó tóbi bíi Balógun yóò fi san gbèsè rẹ̀. Bí ó bá mu mẹ́ta níbi ìnáwó, àfi kó fẹsẹ̀ rin ju wákàtí méjì lọ, a ò sì tíì dárúkọ iyán, ẹran dídín àti "mo kàn ní kí n tọ́ ọ wò".

Ó ní òun kì í jẹun púpọ̀. Kò purọ́, oúnjẹ orí tábìlì ilé rẹ̀ nìkan ló ń kà. Èyí tó jẹ lórí ìdúró, èyí tó jẹ nínú mọ́tò nígbà tí gosiló mú un, sùyà aago mẹ́wàá alẹ́, màláàtì tí wọ́n fi ṣe é lálejò, gbogbo ìyẹn kò wọ ìwé. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ kò níyì lójú rẹ̀ ni: kí òkèlè dín, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀, kí ohun dídùn inú ìgò ṣọ̀wọ́n, kó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Kò sí ẹni tó ń lu ìlù fún ìyẹn.

Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta, Balógun ti kógun wálé, ó ti di oníwàásù. "Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyí. Bàbá mi níkùn, bàbá bàbá mi náà níkùn, ikùn àlàáfíà ni." Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín tán, torí ìdajì ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà. Ìdílé, ọjọ́ orí àti jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ló ń pín ibi tí ọ̀rá yóò jókòó sí. Àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ní Sweden fi hàn lọ́dún 2008 pé láti ìgbà èwe ni iye sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá èèyàn ti dúró. Ẹni tó bá fọn, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló fún, iye wọn kò dín. Nítorí náà, obìnrin tí ìbàdí rẹ̀ gbòòrò láti ilé ìyá rẹ̀, tó ń fìyà jẹ ara rẹ̀ nítorí rẹ̀, ìyà lásán ló ń jẹ. Ọ̀rá abẹ́ awọ ìdí kò léwu tó èyí tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Àwọn oníjàkadì sumo ní Japan tóbi jọjọ, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń jà, abẹ́ awọ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rá wọn ń wà. Èyí náà ló sì mú kí eré ìdárayá wúlò fún Balógun ju bó ṣe rò lọ: ó lè dín ọ̀rá inú lọ́hùn-ún kù, kó sì rọ ẹ̀jẹ̀ ríru lójú, kódà kí òṣùwọ̀n má mì. Ó pa á tì torí pé kò tètè hàn nínú fọ́tò.

Ìdajì kejì ni n kò gbà. Kí èèyàn gba ara rẹ̀ bó ṣe rí kò sọ pé kó má wò ó. Ikùn àlàáfíà ìgbà kan ṣọ̀wọ́n; lónìí, ẹni tí owó ilé ń lé kiri náà ní in, pẹ̀lú àtọ̀gbẹ. Àjọ àtọ̀gbẹ lágbàáyé ní kí ọkùnrin ilẹ̀ wa ṣọ́ra tí agbedeméjì rẹ̀ bá ti tó 94 sẹ̀ǹtímítà, nǹkan bí íǹṣì 37, kí obìnrin ṣọ́ra ní 80. Láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn téèyàn bá ti mí èémí jáde. Balógun á rẹ́rìn-ín. Íǹṣì 34 ni òun láti yunifásítì, ṣòkòtò òun wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí. Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọdọọdún ló ń sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́ ikùn ló ń dè é mọ́ báyìí, níbi tí kò sẹ́ni tó bá a jà. Inú ìwé télọ̀ tó ń rán agbádá fún un nìkan ni iye gidi wà, télọ̀ náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá, mo kàn fi àyè díẹ̀ sí i ni, kí atẹ́gùn lè máa ráyè wọlé sí yín lára."