Alárenà Tó Kọ̀ Tí Kò Yẹ̀bá

Ní bùkà kan lágbègbè Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, lọ́sàn-án gangan, ọmọkùnrin kan fa bẹ́ǹṣì sẹ́yìn kí ọmọbìnrin tó mú wá lè ráyè jókòó. Ìwà tó dáa ni. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ọkùnrin gidi kì í jẹ́ kí obìnrin fọwọ́ ara rẹ̀ fa àga. Ohun tí ẹni tó kọ́ ọ kò sọ ni pé bẹ́ǹṣì bùkà kì í ṣe àga ẹnì kan. Awakọ̀ méjì ti wà lórí rẹ̀, wọ́n dorí kọ àmàlà, gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ewédú kún abọ́ dé etí. Bí bẹ́ǹṣì ṣe sún sẹ́yìn báyìí, ẹni àkọ́kọ́ fìdí balẹ̀ gbì. Èkejì di tábìlì mú, tábìlì sì bá a dé ilẹ̀. Òkèlè tó yẹ kó ti wọ ọ̀nà ọ̀fun wá ń sinmi lórí bàtà funfun ọmọge. Ìyá oníbùkà yọjú láti ìdí ìkòkò: "Ta ló ń fi bẹ́ǹṣì mi ṣeré níbẹ̀ yẹn?" Ọmọkùnrin yìí kò tiẹ̀ dá a lóhùn. Ó ti yọ fóònù lápò, ó ń wo èyí tó kàn.

Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó kàn. Ìwé kan ló wà lórí fóònù náà, irú èyí tí àwọn tó ń pe ara wọn ní olùkọ́ ìfẹ́ ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn ìwà kéékèèké tí ọkùnrin lè hù kí ọkàn obìnrin lè fà sí i. Fa àga fún un. Ṣí ilẹ̀kùn fún un. Máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò ń gbà. Wo ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí o wá rẹ́rìn-ín músẹ́. (Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sínú bí ẹ ṣe ń wojú ènìyàn, kí ẹ rí i bóyá ojú yín kò ní jọ ojú ẹni tí inú ń run.)

Àwọn àgbà ní bójú bá mojú tán, alárenà a yẹ̀bá. Ẹni tó báni la ọ̀nà títí ọ̀rọ̀ fi wọ̀, tí tọkùnrin tobìnrin ti ń dá bára wọn sọ̀rọ̀, ilé rẹ̀ ló yẹ kó máa lọ. Tiwa òde òní kò lọ. Ó bá wọn dé bùkà, ó jókòó sáàárín tábìlì, iná ojú rẹ̀ ń tàn yanran, ó sì tún ń jẹ dátà.

Alárenà ayé àtijọ́, ènìyàn ni. Ó mọ ilé ọmọkùnrin, ó mọ ti ọmọbìnrin, ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè nínú ìdílé méjèèjì. Kó tó gbẹ́sẹ̀, ó ti wádìí irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń fẹ́ gbọ́ àti irú ọjọ́ tí kò yẹ kéèyàn yọjú sílé wọn. N ò ní kì í purọ́ o. Ó ń purọ́ dáadáa. Lẹ́nu rẹ̀, ọ̀lẹ á di ẹni tó nífarabalẹ̀, ahun á di ẹni tó mọ owó ṣọ́, ẹni tí kì í bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ á di ẹni tí kò fẹ́ràn ariwo. Ṣùgbọ́n bó bá parọ́ tán, ó mọ ẹni tó parọ́ fún, ó sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, ẹnu ọ̀nà òun ni wọ́n ń bọ̀. Alárenà inú fóònù kò mọ Mọ́kọ́lá, kò mọ bẹ́ǹṣì, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Nínú gbogbo ọ̀ràn yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tí òwe yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ fún. Olùkọ́ ìfẹ́ sọ̀rọ̀ dídùn, owó ń yọ lápò àwọn àpọ́n, ó ń rọ́ sínú àpò tirẹ̀. Òun ló mọ ohun tí ìwà kékeré lè ṣe. Ó ń kí wọn láràárọ̀, ó ń pè wọ́n ní ọba, ó ń béèrè bí wọ́n ṣe sùn, ó ní òun gbà wọ́n gbọ́. Ká má parọ́, òun gan-an ló ń fẹ́ wọn sọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká wo ti ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò ń gbà yìí. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti mú un wá. Wọ́n ní láti ayé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni, nígbà tí ẹrẹ̀ ń ta sára àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, ọkùnrin ló yẹ kó fi aṣọ tirẹ̀ gba ẹrẹ̀ náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbé e dé Ojúẹlẹ́gba, l'Ékòó. Ẹ̀gbẹ́ wo ni mọ́tò ò gbà níbẹ̀? Dánfó wà lọ́tùn-ún, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń ti iwájú bọ̀ níbi tí kò yẹ kó gbà, lápá òsì ni gọ́tà tí wọ́n ti jí ìdérí rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó bá ń fi ìlànà rìn níbẹ̀, ó ń fa ọmọ ọlọ́mọ sọ́tùn-ún, ó ń tì í sósì, ó ń sáré yí i po bí ọ̀nà ṣe ń yà. Ẹni tó bá ń wò wọ́n lókèèrè á rò pé ìjà ni. Mo gbọ́ tí kọ̀ndọ́ kan ké sí irú wọn láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀: "Brọ̀dá, ẹ fi sílẹ̀, á sanwó náà!" Ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò tiẹ̀ gba àlàyé. Ilẹ̀kùn dánfó, ọwọ́ kọ̀ndọ́ ló wà. Nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ kọ̀ndọ́, torí ó ti já.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni ti oúnjẹ. Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ìyá ni kò ní sọ fún ọmọ rẹ̀ láéláé pé òun fẹ́ràn rẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?" ni yóò sọ. Ọmọ á mọ̀. Bàbá tó ń bínú sí ọ láti àárọ̀, bó bá ti béèrè lálẹ́ pé "Ṣé ọmọ yẹn ti jẹun?", ìjà ti parí nìyẹn. Gbólóhùn yìí ni wọ́n wá kó sínú ìwé, wọ́n ní kí ọkùnrin máa fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́ ní aago kan ọ̀sán. Ó ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ń fi í ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń fẹ́ papọ̀. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan fi èyí tó gbà hàn mí. Inú Ràmàdánì ni. Ọkùnrin tó fi í ránṣẹ́ yìí kan náà ló pè é ní ìdájí tó ń jẹ sààrì, tó ní Ọlọ́run á gbà á lẹ́sìn. Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, tí òǹgbẹ ti gbẹ ọmọ náà lọ́nà ọ̀fun, fóònù dún: "Ayaba mi, ṣé o ti jẹun? Má fi ebi pa ara rẹ nítorí mi o." Ó ní òun fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa òun. Nígbà tí ìṣínu dé, tí ìbéèrè yẹn ì bá wúlò, ọ̀gbẹ́ni ò pè. Ìwé ò ní kó pè nígbà náà.

Àwọn tí kò tiẹ̀ lè ṣe ẹ̀dà ìwé mọ́ ti gba ẹ̀rọ síṣẹ́. Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé, ti jáde ní ìparí ọdún 2022, ẹni tí kò lè kọ lẹ́tà ìsinmi fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti di akéwì. Ó ń ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó ń wọni lára. Ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ sí rí i pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju agbára òun lọ, òun náà ní kí ẹ̀rọ bá òun fèsì. Alárenà méjì wá ń fẹ́ra wọn lóru, tọkùnrin tobìnrin ti sùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí gbe ọmọkùnrin Mọ́kọ́lá yẹn, kó má di pé ẹnu mi nìkan ni mo fi ń pa á. Ìyá oníbùkà ló gbà á sílẹ̀. Obìnrin náà jáde wá, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í pamọ́ sínú àpótí owó, ó ní, "Mú àkísà, wá bá mi nulẹ̀." Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ohun tó kàn mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fáwọn awakọ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ó sanwó àmàlà míì fún wọn. Ó kúnlẹ̀, ó ń nu gbẹ̀gìrì kúrò lára bàtà ọmọge, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàtà, ó rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ òun. Ọmọbìnrin yẹn gbọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀, òun náà bá a mú àkísà kan. Nígbà tí wọ́n jókòó níkẹyìn, ó gé ẹran tirẹ̀ sí méjì, ó ju ìdajì sínú abọ́ ọmọkùnrin náà láìsọ nǹkan kan. Èmi tí mo jókòó sí kọ̀rọ̀ mọ ohun tí ojú mi rí.

Kí àwọn ọmọbìnrin má wulẹ̀ máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní alárenà tiwọn. Ní ìparí ọdún 2023, ìdánwò kan gbòde lórí TikTok: kí obìnrin ní kí olólùfẹ́ rẹ̀ bá òun bó ọsàn. Bó bá bó o láìráhùn, ìfẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀, bó bá ní "Ṣé o ò lọ́wọ́ ni?", kó máa lọ. Wọ́n gbé ìdánwò yìí dé ilẹ̀ Yorùbá láìrántí pé ọlọ́sàn ló ń bó ọsàn níbí. Ìyá tó jókòó lẹ́bàá títì l'Ójòó, n'Íbàdàn, á fi ọ̀bẹ ha á yípo, èèpo á máa wọ́ bọ̀ sílẹ̀ láìjá, á gé orí rẹ̀ fún ọ, á gbowó. Àtọlọ́pàá, àtọmọléèwé, àtagbèrò, gbogbo wọn ló ń bó o fún. Ṣé gbogbo wọn náà ló ń fẹ́? Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan kọ ọkùnrin tó fi owó ara rẹ̀ ra ọsàn fún un, torí pé ọlọ́sàn ló bó o.

Bí 14 oṣù kejì, ọjọ́ àwọn olólùfẹ́, bá wá ń súnmọ́, a óò tún rí àwọn tó ń ṣe òdòdó owó. Wọ́n á ká ₦1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi pín-ìnnì kàn án mọ́ ọ̀pá, wọ́n á fi ọ̀rá dídán wé e. Ẹni tí wọ́n gbé e fún á ya fọ́tò tán, á wá jókòó sílẹ̀ dòru, á máa tú pín-ìnnì, á máa fi omi tu gọ́ọ̀mù kúrò lára owó oúnjẹ. Kí ẹ sì tó gbé e jáde, ẹ ka abala 21 nínú òfin CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ọdún 2007. Lílu owó níhò, fífi pín-ìnnì kàn án, yíya á, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà sí bíba owó jẹ́. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6 ni ìjìyà rẹ̀, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ má rò pé eré ni: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù 6 torí owó tó ń ná lóde.

Àwọn baba wa náà fi owó ránṣẹ́ sẹ́ni tí ọkàn wọn fà sí. Owó ẹyọ mẹ́fà péré ni. Gollmer, òyìnbó ajíyìnrere tó gbé Badagry àti Abẹ́òkúta, kọ irú àrokò báyìí sílẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1885. Ẹ̀fà ní ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, ẹyọ mẹ́jọ á padà wá, ìyẹn ni pé èrò wa jọ. Kò sí ọ̀rá dídán. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ ti mọ̀ dájú pé ẹni tó ń gbà á á lè kà á, ẹni tó gbé e wá á sì jíṣẹ́, á mu omi, á kọrí sílé.

Nítorí náà, ìwọ olùkọ́ ìfẹ́, níbikíbi tí o bá jókòó sí tí o ti ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọba: iṣẹ́ rẹ ti tán, yẹ̀bá. Dá owó wọn padà. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ lọ béèrè owó yín, ẹ kọ́kọ́ padà sí ojú ìwé tí ẹ ti sanwó, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀: owó tó bá ti wọlé, wọn kì í dá a padà.